Sprocker ọ̀sẹ̀ 15: ẹ bá mi dá sí i, mo fẹ́ kí ó di ajá ọdẹ

Àdìó Shropshire
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo gba ọmọ ajá kan, abo ni, ó pé ọ̀sẹ̀ 15 nínú oṣù May yìí. Springer spaniel ni ìyá rẹ̀, cocker ni bàbá. Sprocker ni wọ́n ń pe irú àmúlùmálà bẹ́ẹ̀ níbí. Àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa ló máa ń pè mí tí wọ́n bá fẹ́ yin pheasant lórí ilẹ̀ rẹ̀. A ó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, a ó máa fi ọ̀pá lu ìgbẹ́ bọ̀, kí àwọn ẹyẹ náà lè fò gba orí àwọn oníbọn tó dúró níwájú. Beater ni wọ́n ń pè wá. Gbogbo àwọn tó kù ló ní ajá, èmi nìkan ni mò ń gbó fúnra mi.

Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Nínú ilé ìdáná, bí mo bá ní "jókòó", ìdí ti balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jáde, kí imú rẹ̀ kan koríko, etí di nìyẹn. Ó ń lé gbogbo ẹyẹ inú ọgbà, ó ń fa okùn, tó bá sì gbé ìbọ̀sẹ̀ mi, a ó máa sáré yí àga po ni.

Ìbéèrè mi rèé. Ìgbà wo ni ẹ̀kọ́ ọdẹ gan-an ń bẹ̀rẹ̀? Báwo la ṣe ń mú ajá mọ ìró ìbọn? Ṣé àmúlùmálà lè ṣe iṣẹ́ tí ajá tí ìdílé rẹ̀ kò lábùlà ń ṣe? Ṣé a lè jọ jáde ní October 1 tí àsìkò pheasant bá ṣí? Èyí tó kẹ́yìn: Mùsùlùmí ni ìyá àwọn ọmọ, kò sì fẹ́ itọ́ ajá nítòsí ibi tó ti ń kírun. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Ìgbẹ́tì
Kí ẹnikẹ́ni tó pa òwe náà, mo ti pa á: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó tán. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa bọ̀.

Màmá Norfolk
Ìgbẹ́tì, o kú ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ajá tí kì í gbọ́ fèrè, ẹni tó ń fọn ọ́n ló sọ ọ́ di adití. Ajá ń lé ehoro lọ, olówó rẹ̀ ń fọn fèrè, ajá kò wò ó. Ó tún fọn ọ́n, ajá kò wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ajá ti mọ̀ pé ariwo lásán ni.

Àdìó, Norfolk ni mò ń gbé. Èmi àti àwọn ajá mi la máa ń dúró lẹ́yìn àwọn oníbọn láti kó ẹyẹ tó bá já bọ́. Ọ̀kan jẹ́ labrador, èkejì jẹ́ sprocker bíi tìrẹ. October tó ń bọ̀ yìí? Rárá o. Kò ní ju nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lọ. Egungun rẹ̀ kò tíì gbó, ọkàn rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ̀kọ́ burúkú tí ajá bá kọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín pheasant ọgọ́rùn-ún, o lè fi ọdún kan gbáko máa yọ ọ́.

Kọ́ ọ ní ìdúró kí o tó kọ́ ọ ní wíwá. Imú kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ spaniel, wọ́n ti bí i mọ́ ọn. Ohun tí wọn kò bí mọ́ ọn ni kí ehoro ta pọ́n-ún lábẹ́ imú rẹ̀ kí òun fi ìdí balẹ̀ kí ó máa wò ó. Iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn, kò sì sí ẹlòmíì tó máa bá ọ ṣe é.

Lọ ra fèrè oníke, nọ́ńbà 210½ ti ilé iṣẹ́ Acme ni ọ̀pọ̀ àwa tó ní spaniel ń lò. Ìdí tí nọ́ńbà fi wà lára rẹ̀ ni pé ohùn kan náà ni gbogbo èyí tó ní nọ́ńbà yẹn ń ké. Bí tìrẹ bá já sínú ẹrẹ̀, o ra òmíì, ajá kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Fífọn kan ṣoṣo, tó gùn díẹ̀: jókòó, kí o wo ojú mi. Fífọn kéékèèké léraléra: máa bọ̀. Ìdí oúnjẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí ẹnì kan dì í mú ní ìpẹ̀kun ọ̀nà àárín ilé, ìwọ gbé abọ́ dání ní ìpẹ̀kun kejì. Nígbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, tó ti ń sáré bọ̀ wá bá ọ, ìgbà yẹn ni kí o fọn ún. Ṣé o ríi, kò sí bí kò ṣe ní wá, nítorí ó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí abọ́ tó kanlẹ̀, gbé ọwọ́ sókè, fọn ún lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdí bá balẹ̀, abọ́ náà balẹ̀. Bí kò bá balẹ̀, abọ́ padà sókè. Má sọ̀rọ̀, má pariwo. Títí ó fi máa pé oṣù márùn-ún, o kò gbọ́dọ̀ fọn fèrè níbi tí o ti mọ̀ pé kò ní dá ọ lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ wá ńkọ́? Má ṣe lé e mọ́ láéláé. Nígbà tí o bá ń lé e, o ń kọ́ ọ pé ohun tí a bá gbé, à ń gbé e sá lọ ni. Jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tóóró tó máa gbà kọjá, kọ ẹ̀yìn sí i, pè é jẹ́jẹ́. Yóò wá, torí ó fẹ́ kí o rí ohun tó mú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á já a gbà kíá. Ìwọ má fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀ náà. Fi ọwọ́ pa á láyà, fi ọwọ́ pa á lábẹ́ àgbọ̀n, kí ó di í mú síbẹ̀, kí ó máa gbọ́ pé o ń yìn ín. Nígbà tí o bá rí i pé ẹnu ti fẹ́ rọ̀, ìgbà náà ni kí o ní "tú u", kí o gbà á. Ajá tí a ń já nǹkan gbà lẹ́nu rẹ̀ ló ń di ajá ẹlẹ́nu líle. Ẹyẹ tí irú wọn bá gbé wá, egungun ìhà rẹ̀ á ti fọ́, kò sẹ́ni tó máa rà á.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o ṣọ́: láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, eyín rẹ̀ máa pààrọ̀. Ẹran ìdí eyín á máa dùn ún. Dá gbígbé nǹkan dúró nígbà náà, kí ó má baà so ìrora mọ́ iṣẹ́.

Baba Ọdẹ Ṣakí
Ọmọ mi Àdìó, o kú àjò. Ọdẹ ni mí láti kékeré, bàbá mi ọdẹ, bàbá wọn ọdẹ. Mo ka ohun tí ìyá yìí kọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn kì í kọ́ ajá ní ọdẹ. Ajá àgbà ló ń kọ́ ọ. A ó mú ọmọ ajá tẹ̀lé abo àgbà tó mọ ojú ọ̀yà, tó mọ ibi tí òkété ń wọlé sí. Yóò máa tẹ̀lé e, yóò máa wò ó, ọjọ́ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ mú ti àkọ́kọ́, ó ti gboyè. Ṣaworo la máa ń so mọ́ wọn lọ́rùn, nítorí koríko Òkè-Ògùn ga ju ènìyàn lọ. Bí ṣaworo bá ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, ajá ń wá. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, tọ́jú ìbọn rẹ, ó ti kan nǹkan.

Ní ti àmúlùmálà, èmi kò fẹ́ràn ajá òyìnbó pọ́ńbélé. Oòrùn ń pa á, eégbọn ń pa á. Ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ajá òyìnbó díẹ̀ lù, ara rẹ̀ le, ó tún tóbi díẹ̀, ó gbóyà. Orúkọ tí o sọ ọ́ wù mí. Ajá tí kò ní òwe lórúkọ, ajá wo nìyẹn?

Kí ìwọ nìkan máa fún un lóúnjẹ. Ọwọ́ tó ń bọ́ ọ ló máa gbọ́ tirẹ̀.

Màmá Norfolk
Baba, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu igbó. Mo kúnlẹ̀ kí n tó ta ko yín.

Níbi tí ẹ wà, ẹ fẹ́ kí ajá lé ọ̀yà kí ó sì dì í mú. Níbí, ajá tó bá lé ẹyẹ ti bà á jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹyẹ kan ló máa lé, ọgọ́ta máa fò kí àwọn oníbọn tó dúró sí ààyè wọn. Gamekeeper, ìyẹn ẹni tó ń sin àwọn ẹyẹ náà, tó sì ń ṣọ́ igbó, yóò ní kí Àdìó máa lọ sílé kó tó di ọ̀sán, kò sì ní pè é mọ́. Bí Tanímọ̀la bá sì ń tẹ̀lé ajá àgbà kiri, ojú ajá àgbà ni yóò máa wò, kò ní wo ojú Àdìó. Spaniel méjì tó bá jọ wọ igbó láìsí àṣẹ, ọjà ti tú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣaworo yẹn dùn mọ́ mi nínú. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọdẹ ilẹ̀ Faransé àti Ítálì tó ń wá ẹyẹ woodcock ṣe ń so agogo mọ́ ajá wọn lọ́rùn nínú igbó dídí, bó bá dákẹ́ wọ́n á mọ̀ pé ó ti dúró ti ẹyẹ.

Baba Ọdẹ Ṣakí
Ó yé mi, ọmọ mi. Igbó yàtọ̀, ẹran yàtọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ tán. Ajá àgbà nílé, bí kò tilẹ̀ dé igbó, ó ń kọ́ ọmọdé ní sùúrù. Nígbà tí mo bá ń nu ìbọn, ajá àgbà á sùn sílẹ̀, ọmọ ajá á rí i pé kò sí ìjà, òun náà á sùn.

Màmá Norfolk
Mo gbà fún yín níbẹ̀, Baba. Nílé, ó dára. Nínú igbó, ó di ọdún kejì.

Nọ́ọ̀sì Ajá, Leeds
Ẹ kú ìjíròrò o. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí a tó dé orí pheasant, ẹ jẹ́ kí ajá náà wà láàyè ná.

Bọ̀dá Àdìó, ẹ rí i dájú pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára méjèèjì, kí ti leptospirosis sì wà nínú rẹ̀. Ìtọ̀ eku ló ń gbé àrùn yẹn sínú omi kòtò, inú omi kòtò sì ni spaniel ń gbé. Òfin sọ pé ajá gbọ́dọ̀ ní microchip, ìyẹn ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tín-ín-rín abẹ́ awọ, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹni tó tà á ló yẹ kó ti ṣe é. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ yín ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ ni kì í yí i padà. Ẹ bi ẹni tó bí wọn bóyá ó yẹ àwọn òbí wò. Cocker lè gbé àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní PRA, èyí tó ń sọ ajá di afọ́jú díẹ̀díẹ̀. Springer lè gbé fucosidosis, àrùn ìran tó ń ba ọpọlọ jẹ́. Bí òbí kan ṣoṣo bá gbé e, kò ní mú Tanímọ̀la, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó bímọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ́dọọdún ni èso koríko. Láti June sí August, orí koríko tó ti gbẹ máa ń já, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, irun rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, nítorí náà iwájú nìkan ló ń lọ, kì í padà. Ó ń wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ń wọ etí, ó ń wọ abíyá. Bí ẹ bá ti dé láti ìrìn, ẹ jókòó, ẹ la àárín ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé etí sókè kí ẹ wò ó. Ẹ gé irun abẹ́ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣàdédé ń mi orí ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ tó sì gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ̀yin tó máa ń da àjẹkù fún ajá, ata dídín tí àlùbọ́sà kún inú rẹ̀ kò dára fún un, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì, èso àjàrà gbígbẹ, ṣíńgọ́ọ̀mù tí xylitol wà nínú rẹ̀, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Ẹ má jẹ́ kó fo ọgbà àti ògiri títí á fi pé ọdún kan ó kéré tán.

Baba Ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, àwọn ajá yín nílé, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, ẹ má gbàgbé. Àìsàn yẹn kì í jáwọ́ lára ènìyàn tó bá ti mú tán.

Baba Ọdẹ Ṣakí
Mo ti gbà á fún wọn. Ẹ ṣé, ọmọ mi.

Alhaji Peckham
Salaam aleikum. Àdìó, sọ fún ìyàwó rẹ kí ó ṣí Súrà Al-Maida, ẹsẹ 4. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn ẹran tí a kọ́ ní ọdẹ níbẹ̀, ó ní kí a jẹ nínú ohun tí wọ́n bá mú fún wa, kí a sì dárúkọ Òun sí i. Nínú hádíìsì, Ànábì sọ fún Adiy ọmọ Hatim pé bí ajá bá ti jẹ nínú rẹ̀, kí ó má jẹ ẹ́ mọ́, torí ara rẹ̀ ni ajá náà mú un fún. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu rírọ̀ tí Màmá Norfolk ń sọ kò jìnnà síbẹ̀.

Ní ti itọ́, ní ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ara ajá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n abọ́ tó bá ti ẹnu bọ̀ ni a máa ń fọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Àwọn ìlànà yòókù le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má bá a jiyàn. Ṣe ilé pákó fún ajá náà lẹ́yìnkùlé, kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kí atẹ́gùn má gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó ní abọ́ tirẹ̀ àti aṣọ ìnura tirẹ̀. Yàrá ìkírun, kí ó má débẹ̀ rárá. Ajá tó mọ ààlà nínú ilé á mọ ààlà nínú oko.

Ọmọ Ìgbẹ́tì
Ẹ ti gbàgbé ìbéèrè àmúlùmálà o. Èmi gbọ́ pé orúkọ lásán ni wọ́n fi ń gbówó lórí sprocker.

Bíọ́dún Kent
Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, Ìgbẹ́tì, ṣùgbọ́n àmúlùmálà yìí kì í ṣe tuntun. Láyé àtijọ́, nínú ọmọ ìyá kan náà, èyí tó bá kéré ni wọ́n ń pè ní cocker, tí wọ́n á fi wá ẹyẹ woodcock. Èyí tó bá tóbi á di springer. Ọdún 1902 ni Kennel Club, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ìdílé ajá sílẹ̀ ní Britain, tó ya springer sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdílé tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bí sprocker kàn dá àwọn mọ̀lẹ́bí padà sílé ni. Ohun tí Àdìó pàdánù ni pé kò lè gbé e lọ sí ìdíje ajá ọdẹ ti Kennel Club, tí wọ́n ń pè ní field trial. Pheasant kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun tó yẹ kó ti béèrè ni bóyá ìyá àti bàbá ajá náà ń ṣiṣẹ́ nínú oko, torí àwọn spaniel kan wà tó jẹ́ pé ẹwà ni wọ́n ti ń bí wọn fún láti ìran dé ìran.

Ní ti ìró ìbọn, èmi ni mo lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo ní ìwé àṣẹ ìbọn, mo sì máa ń lọ yin àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè lọ́jọ́ Sátidé. Má ṣe gbé e wá síbi tí a ti ń yin àwo amọ̀! Lọ́pọ̀ ìgbà ni mò ń rí ẹni tó so ọmọ ajá mọ́ ọkọ̀ níbẹ̀ "kí ó lè mọ́ ọn lára." Ìbọn igba láàárín wákàtí kan, kò sí ibi tó lè sá sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ajá tó ń bẹ̀rù ìbọn nìyẹn. Kì í sábà jẹ́ àbínibí.

Wá ọ̀rẹ́ kan tó ní ìbọn eré ìje, irú èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Kí ó dúró jìnnà sí ọ tó mítà 150, kí afẹ́fẹ́ máa gbé ìró náà lọ. Kí Tanímọ̀la máa ṣe ohun tó fẹ́ràn, bóyá ó ń wá bọ́ọ̀lù nínú koríko. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ọ̀rẹ́ rẹ yìn ín. Wo ìrù rẹ̀. Bí ó bá gbé orí sókè, tó wo ibẹ̀, tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti tó fún ọjọ́ náà, ẹ máa lọ sílé. Bí ìrù bá wọ abẹ́ itan, má kẹ́ ẹ, má rà á mú bí ẹni pé nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀; máa rìn lọ, kí ẹ jìnnà sí i nígbà mìíràn. Ẹ ó máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí kò bá kà á sí mọ́, so ó pọ̀ mọ́ fèrè: ìbọn dún, fèrè ìjókòó dún. Tó bá yá, ìbọn fúnra rẹ̀ á di àṣẹ, bó bá ti dún ìdí á ti balẹ̀.

Àti November 5 o! Alẹ́ tí gbogbo ìlú ń yin iná sójú ọ̀run. Kí ó wà nílé, kí rédíò máa kọrin, kí kọ́tìnnì wà nílẹ̀.

Àdìó Shropshire
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí Màmá ṣe wí, ìbọ̀sẹ̀ ti ń wá bá mi fúnra rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ka ọ̀rọ̀ Alhaji, ó ní ilé pákó náà dára, ṣùgbọ́n kí n tètè kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Aládùúgbò kan fẹ́ yá mi ní kọ́là oníná, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ látọ̀nà jíjìn kó lè gbọn ajá lọ́rùn. Ó ní òun á fi wo àrùn lílé ẹran sàn. Àgùntàn sì yí wa ká níbí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Èkejì, báwo ni mo ṣe ń kọ́ ọ kí ó má lọ jìnnà sí mi nínú igbó?

Màmá Norfolk
Dá kọ́là náà padà fún un. Ìwọ tó ń gbé ní ààlà Wales, ṣé o mọ̀ pé Wales ti fòfin de lílò rẹ̀ láti ọdún 2010? Sọdá ààlà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn ajá, o ti di ọ̀daràn. Yàtọ̀ sí òfin, ajá kékeré kì í mọ ohun tó gbọn ún. Ó lè rò pé àgùntàn ló bù ú jẹ, ó sì lè rò pé ìwọ ni.

Àgùntàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òfin ọdún 1953 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ajá máa da ẹran ọ̀sìn láàmú, bó bá sì débi tí kò sí ọ̀nà mìíràn, àgbẹ̀ lè yìnbọn fún ajá náà kí ó sì ní àwíjàre níwájú adájọ́. Bẹ àgbẹ̀ tó ń pè ọ́. Pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ẹ jọ máa rìn gba àárín àgùntàn rẹ̀, lójoojúmọ́ bó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá wo àgùntàn, dúró. Bí ó bá yí ojú padà wò ọ́, fún un ní ẹran gbígbẹ kékeré kan. Ohun tí o ń fẹ́ ni kí àgùntàn sú u. Kí o sì rántí pé lórí ilẹ̀ gbogboogbò bí òkè Long Mynd, láti March 1 sí July 31, okùn kúkúrú ni òfin wí, torí àwọn ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ti jíjìnnà: ìbọn ẹlẹ́nu méjì kì í pa ẹyẹ dáadáa lẹ́yìn mítà 35 sí 40. Ajá tó bá lé ẹyẹ dìde ní mítà 60, ó kàn lé e lọ ni. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ ju mítà 15 tàbí 20 lọ sí ọ. Wá koríko tó kúrú, kí ó má ní ehoro. Kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Máa rìn lọ́nà kọ́lọkọ̀lọ, sọ́tùn-ún, sósì. Òun náà á máa gé iwájú rẹ kọjá, sọ́tùn-ún, sósì. Bí ó bá fẹ́ kọjá ibi tó yẹ, fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì wéréwéré, kí ìwọ náà yí padà. Nígbà tó bá ń bọ̀, jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan já bọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ láìjẹ́ kó rí i. Yóò kan bọ́ọ̀lù náà, yóò sì gbà pé ẹ̀gbẹ́ rẹ ni gbogbo nǹkan rere wà. Ẹ̀tàn ni. Èmi ń ṣe é títí di òní.

Nígbà tó bá pé bí oṣù mẹ́jọ, tí eyín ti yọ tán, o lè jù àpò kanfasi kékeré fún un, dummy ni wọ́n ń pè é, èyí tó wúwo tó ìdajì pọ́n-ùn. Nínú mẹ́rin tí o bá jù, ìwọ fúnra rẹ lọ kó méjì wá, kí òun jókòó máa wò ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, so ìyẹ́ ẹyẹlé mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹlé tútù gan-an, ṣùgbọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀rá obìnrin fún ẹyẹ náà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìyẹ́ ẹyẹlé máa ń tètè tú, bó bá kún ẹnu ajá, yóò tu ẹyẹ sílẹ̀, kò sì ní fẹ́ gbé e mọ́.

Àdìó Shropshire
Màmá, ẹ kú làálàá. Ìgbà wo gan-an ni kí n mú un débẹ̀?

Màmá Norfolk
January. Ìparí àsìkò, torí February 1 ni wọ́n ń parí rẹ̀. Ẹyẹ ti dín kù nígbà yẹn, ara gbogbo ènìyàn ti balẹ̀. Bẹ gamekeeper ṣáájú, kí o dúró lẹ́yìn pátápátá, kí okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ bá wọn lù. Kí ó rí ẹyẹ tó fò, kí ó gbọ́ ìbọn, kí ó jókòó, kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Ẹ padà sínú ọkọ̀, nù ún gbẹ, fún un lómi. Iṣẹ́ gidi di November ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ewé bá ti rọ̀ tí ẹ fi lè máa rí ara yín.

Baba Ọdẹ Ṣakí
Mo fẹ́ bèèrè. Ẹyẹ pheasant tí ẹ ń yìn láti àárọ̀ yìí, ṣé ó dùn lọ́bẹ̀?

Bíọ́dún Kent
Baba, wọ́n máa ń fún beater ní méjì, akọ kan, abo kan, bí iṣẹ́ bá parí. Àyà rẹ̀ máa ń gbẹ bí ẹ bá dín in. Ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú atalẹ̀, iná díẹ̀, kó pẹ́ lórí iná, kí ẹ tó dà á sínú ata. Ẹ fi ìka wá inú ẹran rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bọ̀ ọ́, ọta ìbọn wẹ́wẹ́ máa ń wà níbẹ̀, ó sì ń fọ́ eyín.

Baba Ọdẹ Ṣakí
Eyín wo ló kù.